Sàárà Ọjọ́ Jímọ̀ àti Ààwẹ̀ Oṣù Méjì

Ní ọdún 2009, nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí fún oyè kejì nínú ìmọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní sosiọ́lọ́jì, inú ọjà Sábóngàrí ní Zaria ni mo ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ mi. Àwọn oníṣòwò Yorùbá tó jẹ́ Mùsùlùmí ni mo ń tẹ̀ lé, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe sàárà, àwọn tí wọ́n ń ṣe é fún, àti ohun tí wọ́n ń rí nídìí rẹ̀. Àlàájà kan wà láàárín wọn tí ó ń ta àǹkárá àti léèsì, ọmọ Ìwó bíi tèmi, tí ó ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ nílẹ̀ Hausa. Lọ́jọ́ Jímọ̀, kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, àwọn ọmọ almájìrì yóò ti tò síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ike lọ́wọ́ wọn, Àlàájà yóò ṣí ìbòrí kúrò lórí àwo àkàrà, yóò sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó o ní mẹ́ta mẹ́ta sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá a ṣe é. Mo ṣàkíyèsí pé kì í wo ojú ọmọ tí ó ń fún. Abọ́ nìkan ni ó ń wò.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ pé iwájú ṣọ́ọ̀bù ni ó ti ń pín in, ní wákàtí tí èrò pọ̀ jù lójú ọ̀nà mọ́sálásí. Pé àwọn oníbàárà tó jẹ́ Hausa mọ orúkọ rẹ̀ ju ti àwọn aláṣọ yòókù lọ. Pé bí ìlú bá fẹ́ gbóná, àwọn aládùúgbò ni wọ́n máa ń tètè ta á lólobó. Lẹ́yìn náà ni mo wá kọ gbólóhùn tí mo kà sí góńgó iṣẹ́ náà: pé ìdókòwò ni sàárà Àlàájà, pé àkàrà ni ó fi ń ra ojú rere àti ààbò ní ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀. Olùkọ́ tó ń darí iṣẹ́ mi fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn yẹn, ó sì yìn mí. Inú mi dùn débi pé mo gbé ìwé náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àlàájà, mo sì túmọ̀ ojú ewé méjì tí mo kọ nípa rẹ̀ fún un sí Yorùbá.

Ó gbọ́ ọ tán. Ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àkápadà, ó gbé e sórí pẹpẹ, ó sì jókòó.

“Ọmọ mi, o ṣeun,” ó ní. “Ohun tí o fojú rí, bí ó ṣe rí gẹ́lẹ́ ni o ṣe kọ ọ́. Òtítọ́ ni pé wọ́n mọ̀ mí, òtítọ́ ni pé ọjà ń tà. Ṣùgbọ́n èyí tí o kọ pé ó wà nínú mi yìí, ta ló sọ ọ́ fún ọ? Èmi tí mo ń ṣe é gan-an, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀. Ṣé o rí i pé mi ò kì í wo ojú àwọn ọmọ yẹn? Bí mo bá wò wọ́n, wọn á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, bí wọ́n bá sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo ti gba owó mi nìyẹn.”

Mi ò rí èsì fọ̀. Hàdíìsì tí Umar ọmọ Khattab gbà wá láti ẹnu Ànábì, tí ó ṣáájú nínú àkójọ Bukhari, ti wà lórí mi láti ilé kéwú ní Ìwó: pé àníyàn ni gbogbo iṣẹ́ rọ̀ mọ́, àti pé ohun tí oníkálukú bá gbèrò ni yóò jẹ́ tirẹ̀. Híjírà ni hàdíìsì náà fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹnì kan ṣí kúrò nílé nítorí Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀, ẹlòmíràn ṣí nítorí ohun ayé tàbí nítorí obìnrin tí ó fẹ́ fẹ́, ẹni tó bá sì dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí ó ń wò wọ́n, ìrìn kan náà ni yóò rí. Mo mọ èyí, mo sì jókòó ní yunifásítì, mo kọ̀wé nípa sàárà Mùsùlùmí bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Àwọn àgbà kan tí mo rò ó fún sọ pé ìmọ̀ àwọn Òyìnbó ló ṣì mí lọ́nà. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀, mi ò sì tíì gbà bẹ́ẹ̀ títí di òní, nítorí nígbà tí mo padà sídìí àwọn ìwé náà ni mo rí i pé èmi ni mi ò kà wọ́n délẹ̀. Max Weber, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní 1864 tí ó sì kú ní 1920, ni ó kọ́ wa pé ìhùwàsí ẹ̀dá kò tíì di ìṣe àfi bí ẹni tó ń hù ú bá fún un ní ìtumọ̀ kan nínú ara rẹ̀. Ó pín ìṣe sí mẹ́rin: èyí tí ènìyàn fi ọpọlọ ṣírò, tí ó wo ohun tí ó ń wá àti ọ̀nà tó yá jù láti dé ibẹ̀, èyí tí ó ṣe nítorí pé ó gbà pé òun ló tọ́, ohun yòówù tí ì báà ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, èyí tí ìbínú, ìfẹ́ tàbí ìbànújẹ́ tì í ṣe, àti èyí tí ó ṣe nítorí pé bí a ti ń ṣe é nílé nìyẹn. Èmi mú Àlàájà, mo sọ ọ́ sínú àkọ́kọ́, mo sì ti ilẹ̀kùn. Weber fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ìṣe tí yóò jẹ́ ti ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣọ̀wọ́n, pé òṣùwọ̀n tí onímọ̀ gbẹ́ fún ara rẹ̀ ni wọ́n, láti fi mọ bí ohun tó wà nílẹ̀ ti sún mọ́ wọn tó tàbí bó ti jìnnà sí wọn tó. Òṣùwọ̀n ni ó gbé lé mi lọ́wọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ di ìdájọ́.

Émile Durkheim, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá mìíràn, ará Faransé, ló yà mí lẹ́nu jù. Òun ni a máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò ka ọkàn ènìyàn kún, tí ó ní ohun tó wà ní àwùjọ, tó wà níta ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ó sì ń fi agbára darí rẹ̀, ni kí onímọ̀ máa wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń ṣàlàyé bí yóò ṣe ka àwọn tó pa ara wọn, nínú ìwádìí rẹ̀ tó jáde ní 1897, ìdí kan tí ó fi kọ̀ láti gbé e ka orí àníyàn ni pé àníyàn jẹ́ ohun ìkọ̀kọ̀ jù fún ẹni tó wà níta láti dé ibẹ̀, àfi kí ó máa fojú bù ú. Ohun tí Àlàájà sọ fún mi lẹ́yìn pẹpẹ aṣọ rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò kéwú rí àti ẹni tí kò ka Durkheim rí pàdé lójú kan, èmi tí mo ka méjèèjì ni mo ṣìnà láàárín wọn.

Láti ìgbà náà ni mo ti jáwọ́ nínú àlàyé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Abuja fẹ́ràn jù, pé inú ni Ìsìláàmù ń wò, òde ni ìmọ̀ Òyìnbó ń wò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Umar kan náà tí ó gba hàdíìsì àníyàn wá, nígbà tí ó di kàlífà, sọ fún àwọn ènìyàn pé láyé Ànábì, ìṣípayá a máa tú àṣírí ọkàn. Pé ìṣípayá ti dáwọ́ dúró, nítorí náà ohun tó hàn sójú táyé nínú iṣẹ́ wọn ni òun yóò fi mú wọn, ohun tó wà nínú wọn di ọ̀rọ̀ àárín àwọn àti Ọlọ́hun. Adájọ́ Mùsùlùmí kò láṣẹ láti wọnú ọkàn ẹnikẹ́ni. Al-Ghazali, àgbà onímọ̀ Ìsìláàmù tí ó kọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ nípa àníyàn kí ó tó kú ní 1111, kò tilẹ̀ gbà pé ènìyàn fúnra rẹ̀ lè pàṣẹ fún àníyàn tirẹ̀ kí ó wá; ó ní sísọ ọ́ lẹ́nu tàbí lọ́kàn pé “mo pa á láníyàn” kì í ṣe àníyàn, ibi tí ọkàn bá fà sí ni àníyàn. Ní 1095, nígbà tí ó jẹ́ olùkọ́ àgbà ní Baghdad, ó yẹ ara rẹ̀ wò, ó rí i pé òkìkí àti ipò ló ń sún òun kọ́ àwọn ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́ ìsìn, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo ka ìyẹn, mo sì bi ara mi pé kí ló sún mi kọ gbólóhùn nípa Àlàájà. Máàkì ni. Mo pa gbólóhùn náà rẹ́ kí n tó fi ìwé sílẹ̀, mo sì kọ ohun tí mo rí nìkan.

Níbo wá ni ìyàtọ̀ wà? Ó pẹ́ kí n tó rí i. Àpẹẹrẹ méjì tí Weber lò láti fi ààlà sí ohun tí ó ń pè ní ìṣe àwùjọ ni ó ṣí mi lójú. Ní ti èkíní, ó ní àdúrà tí ènìyàn dá ṣe ní ìkọ̀kọ̀ kì í ṣe ìṣe àwùjọ, nítorí kò kọjú sí ẹ̀dá mìíràn. Lójú ìmọ̀ tí ó ń gbé kalẹ̀, kò sí àṣìṣe nínú èyí. Ṣùgbọ́n fún Mùsùlùmí, sàárà tí ènìyàn fi pamọ́ débi pé ọwọ́ òsì rẹ̀ kò mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ná wà lára iṣẹ́ tí hàdíìsì ṣèlérí ibòji Ọlọ́hun fún lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀. Iṣẹ́ tí kò sí ẹ̀dá kankan tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ wúwo lọ́hùn-ún. Ẹnì kan wà tí iṣẹ́ náà kọjú sí, tí kò sí nínú ìṣirò Weber. Bí Àlàájà ṣe ń yí ojú kúrò lára àwọn ọmọ almájìrì, àárín ọjà ni ó ti ń wá ìkọ̀kọ̀ yẹn, níbi tí kò ti lè fi ara pamọ́.

Àpẹẹrẹ kejì ni ti àwọn oníkẹ̀kẹ́ méjì. Weber ní bí oníkẹ̀kẹ́ méjì bá ṣèèṣì kọlu ara wọn, ìṣẹ̀lẹ̀ lásán ni, kò yàtọ̀ sí ohun tí ojú ọjọ́ ṣe. Ìgbà tí wọ́n bá gbìyànjú láti yà fún ara wọn, tàbí tí wọ́n bá bú ara wọn, lu ara wọn, tàbí yanjú rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí, ni ó tó di ìṣe. Mo máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èyí lọ́dọọdún láìronú lé e títí di ọdún 2016.

Ní ọdún náà, àbúrò mi ń wa bọ́ọ̀sì láti Nyanya sí Wuse. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tí wọ́n rán níṣẹ́ búrẹ́dì sáré jáde láàárín ọkọ̀ méjì tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ọmọ náà kú kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Àwọn ọlọ́pàá wo ojú ibẹ̀, wọ́n gbọ́ ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n sì ní àbúrò mi kò jẹ̀bi. Ní gáréèjì, “kádàrá ni” ni gbogbo ènìyàn ń wí. Mo gba kádàrá gbọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń lò ó lọ́jọ́ náà, bí ẹni ń fi omi fọ ilẹ̀ kí ọkọ̀ mìíràn lè kó èrò, dùn mí dé egungun. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n tẹ̀ lé al-Ash'ari, tí ó kú ní 936, kọ́ wa pé Ọlọ́hun ló dá iṣẹ́, ẹ̀dá ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó o. Kò sí èyí tó sọ pé nítorí pé Ọlọ́hun dá a, ọwọ́ ẹ̀dá mọ́.

Ááfà tó ń ṣáájú ìrun ní mọ́sálásí wa, ọmọ Ìlọrin kan, ni ó pè wá jókòó. Ó ka áyà 92 nínú Súrà kẹrin fún wa: ẹni tó bá ṣèèṣì pa onígbàgbọ́ yóò tú ẹrú onígbàgbọ́ sílẹ̀, yóò sì san owó ẹ̀mí fún àwọn ará ilé òkú, àfi bí wọ́n bá fi ta á ní sàárà, ẹni tí kò bá rí ẹrú tú sílẹ̀ yóò gba ààwẹ̀ oṣù méjì tẹ̀léra. Àbúrò mi béèrè pé, “Ááfà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni mo dá ni?” Ááfà ní kò dá ẹ̀ṣẹ̀. “Kí wá ni mo ń gbààwẹ̀ sí?” Ááfà ní, “Nítorí pé ọwọ́ rẹ ló gbà jáde.”

Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn oníkẹ̀kẹ́ Weber lọ́kàn mi. Ohun tí òun pè ní ìṣẹ̀lẹ̀ lásán, nítorí pé ìtumọ̀ kankan kò sí nínú rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é, Àlùkùránì fi oṣù méjì lé e lórí. Kò pè é ní ìpànìyàn, kò sì pè é ní afẹ́fẹ́ tó fẹ́ kọjá. Mo rò pé èyí ni ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti yà gan-an: ní ti Weber, ìtumọ̀ ni ó ń sọ ohun tí a ṣe di tiwa, ní ti Ìsìláàmù, a ti gbé ẹ̀mí ọmọnìkejì rẹ̀ lé ẹ̀dá lọ́wọ́ bí ohun àfipamọ́ kí ó tó ronú kan ìtumọ̀ kankan, nítorí náà ohun tó bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá ní ojú tí yóò fi wò ó.

Mo ní kí n bá àbúrò mi gba lára ààwẹ̀ náà. Ááfà kọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan owó ẹ̀mí, ó yíjú sí mi. Nínú òfin Màlíkì tí a ń tẹ̀ lé ní Nàìjíríà, owó ẹ̀mí ìṣèèṣì kì í ṣe ti ẹni tó ṣe é nìkan. Àwọn ìbátan rẹ̀ níhà baba ni wọ́n jọ ń rù ú, wọ́n sì lè fi ọdún mẹ́ta san án díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń sọ ní kíláàsì pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ni Ìsìláàmù ń dá lẹ́jọ́ àti pé Durkheim ló kọ́ wa láti wo ẹgbẹ́. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo rèé, tí òfin náà là sí méjì: ààwẹ̀ fún ẹni kan, owó fún ìdílé.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí ìmọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá jẹ́ kí n rí, tí n kò ní lè fojú fò dá. Àbúrò mi kò sùn ju wákàtí mẹ́rin lọ lóru tó ṣáájú òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, nítorí owó ojúmọ́ tí olówó ọkọ̀ ń gbà kò dín kù, ọkọ̀ ì báà kún, ì báà má kún. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kún ọkọ̀ náà ń gbé ní Nyanya àti Mararaba nítorí pé agbára wọn kò ká owó ilé láàárín ìlú, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà kan náà wọlé ní òwúrọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ń sọdá títì yẹn láti ra búrẹ́dì. Lọ́jọ́ kẹta, olówó ọkọ̀ pè pé kí àbúrò mi wá gbé ọkọ̀, pé owó ọjọ́ méjì ti wọlé sí gbèsè. Òun kọ́ ni ìbátan wa níhà baba. Kò sí nínú àwọn tí òfin ní kí wọ́n san. Mo sọ èyí fún ááfà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé ẹni tí eré náà ń pa owó fún kò sí nínú àwọn tí a pè. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní ìbéèrè tó yẹ kí àwọn onímọ̀ jókòó lé lórí ni. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ń dùn mí pé a ò tíì jókòó.

Baba ọmọ náà, ará Katsina kan tí ó ń ti ọmọlanke omi ní Nyanya, kò jẹ́ kí a sọ iye owó tí a mú wá. “Mun yafe,” ó ní, pé àwọn ti dárí jì wá. Ááfà rán mi létí pé sàárà ni áyà yẹn pe irú ìdáríjì bẹ́ẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ọkàn mi tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́: ṣé ìdáríjì ni èyí, àbí ti tálákà tí ó mọ̀ pé agbára òun kò ká ẹjọ́, tí ọlọ́pàá kò gbọ́ èdè rẹ̀, tí kò rí ohun mìíràn ṣe? Ohun tí mo kọ́ nínú ìmọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá kò jẹ́ kí n lè pa ìbéèrè yẹn tì. Èyí tí mo kọ́ lọ́dọ̀ Àlàájà kò jẹ́ kí n dáhùn rẹ̀. Mo sọ fún àwọn ẹbí wa ní Kubwa pé a óò san owó náà, ì báà dárí jì wá, kí ó má baà jẹ́ pé àìní ni a fi rẹ́ ẹ jẹ. Nígbà tí a gbé e lọ, ó gba díẹ̀ fún àwọn ọmọ tó kù, ó ní kí a fi èyí tó kù ṣe sàárà ní orúkọ ọmọ náà.

Ọjọ́ tí ààwẹ̀ oṣù méjì pé, àbúrò mi ní ilé baba náà ni òun fẹ́ ti ṣínu. A ra dàbínù dání. Nígbà tí wọ́n pe ìrun mọ̀gáríbà, baba náà dìde, ó bu omi láti inú gálọ́ọ̀nù tó wà lórí ọmọlanke rẹ̀ sínú ife ike, ó sì na ife náà sí àbúrò mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Kò wo ojú rẹ̀. Ife náà ni ó ń wò. Àbúrò mi gbà á, ó mu ún. Mi ò béèrè ìdí rẹ̀.